Owó Kòkó Dé, Owó Kòkó Lọ: Eélòó Ló Yẹ Ká Fi Pamọ́, Kí sì Ni Àṣìṣe Ìdókòwò Kọ́ Wa?

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ lónìí. Bí wọ́n ṣe ń wá a, ẹ mọ ìyẹn jù wá lọ. Bí wọ́n ṣe ń dì í mú tó bá ti dé ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, kòkó wọ́n débi tí kò wọ́n dé rí. Tọ́ọ̀nù kan kọjá 12,000 dọ́là ní ọjà New York. Ojú ọjọ́ tí kò dára àti àrùn igi kòkó ní Côte d'Ivoire àti Ghana wà lára ohun tó fà á, torí pé orílẹ̀-èdè méjèèjì yẹn ló ń mú èyí tó ju ìdajì kòkó ayé jáde. Náírà tiwa náà ti já wálẹ̀ sí dọ́là, nítorí náà owó tí àgbẹ̀ ń kà lọ́wọ́ pọ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ. Ẹlòmíì ra ọ̀kadà, ẹlòmíì ra mọ́tò, ẹlòmíì kan páànù tuntun sórí ilé. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ló yẹ kó jẹun.

Ṣùgbọ́n kí ọdún 2025 tó parí, iye kòkó lọ́jà àgbáyé ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ kò bá a wálẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wá wà láàárín àgbẹ̀ tí ara rẹ̀ balẹ̀ àti èyí tí gbèsè ń lé kiri ni ohun tí kálukú ṣe nígbà tí owó wà nílẹ̀. Àwọn àgbà ló sọ pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ìbéèrè méjì la máa gbé yẹ̀ wò. Èkíní: eélòó ló yẹ kéèyàn máa yọ sẹ́yìn nínú owó tó bá wọlé? Èkejì: kí ló dé tí owó tí a fara ṣiṣẹ́ kó jọ fi máa ń bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀, kí la sì lè rí kọ́ nínú rẹ̀?

Ṣé iye kan wà tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ fi pamọ́?

Ẹ ti lè gbọ́ òfin kan tí wọ́n ń sọ káàkiri orí ẹ̀rọ ayélujára. Wọ́n ní kéèyàn ná ìdá 50 nínú 100 owó rẹ̀ sórí ohun tó pọn dandan, kó ná ìdá 30 sórí ohun tó wù ú, kó sì fi ìdá 20 pamọ́. Elizabeth Warren ti Amẹ́ríkà àti ọmọ rẹ̀, Amelia Warren Tyagi, ló sọ òfin yìí di olókìkí nínú ìwé tí wọ́n jọ kọ ní ọdún 2005.

Òfin tó dáa ni, àmọ́ ilẹ̀ àwọn tó ṣe é ni wọ́n ń wò. Nígbà tí àjọ NBS, àwọn tó ń ka iye nǹkan fún ìjọba àpapọ̀, wo bí àwọn ará Nàìjíríà ṣe ná owó ní ọdún 2019, wọ́n rí i pé nínú ₦100 tí ilé kan bá ná, ó ju ₦56 lọ tó bá oúnjẹ lọ. Oúnjẹ nìkan nìyẹn o! A ò tíì sanwó ilé, a ò tíì ra òògùn ibà, a ò tíì wọ ọ̀kadà lọ sóko. Ẹni tí oúnjẹ nìkan ti gba ìdá 56 lọ́wọ́ ẹ̀, tí ẹ bá ní kó fi ìdá 20 pamọ́ ní kíá, ó máa gbìyànjú lóṣù kan, yóò kùnà, yóò sì sọ pé ìfowópamọ́ kì í ṣe fún irú òun.

Ohun tí a rí pé ó ṣeé tẹ̀ lé níbí ni pé kéèyàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí ìyẹn bá nira, kó fi ìdá kan nínú ogún bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦73,000, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó fọwọ́ sí ní ọdún 2024. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ₦7,300. Lọ́dún kan, ó ti di ₦87,600. Kò lè ra ilẹ̀ ní Àkúrẹ́, òótọ́ ni. Àmọ́ tí ọmọ bá ṣàìsàn lóru, owó yẹn ni kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń yáni lówó èlé.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì ju iye lọ ni ìgbà tí ẹ máa yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ pé, "Tí n bá ná èyí tí mo fẹ́ ná tán, màá fi èyí tó kù pamọ́." Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kì í kù. Ọjọ́ tí owó bá wọlé ni kẹ́ ẹ yọ tiyín sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ tó ra iyọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni kẹ́ ẹ wá pín.

Àgbẹ̀ kì í gba owó oṣù

Ibi tí òfin àwọn aláwọ̀ funfun ti ń já wá kulẹ̀ jù nìyí. Owó oṣù ni wọ́n fi ṣírò. Àgbẹ̀ kòkó ní tiẹ̀ máa ń rówó ńlá nígbà ìkórè, láàárín oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun, ó sì tún máa ń rí díẹ̀ nígbà tí kòkó àárín ọdún bá dé. Àwọn oṣù tó kù, ńṣe ló ń náwó sóko: òògùn, ríro, owó iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní àgbẹ̀ kan ta kòkó, ó san gbogbo gbèsè oko, ₦1,800,000 wá kù sí i lọ́wọ́. Tó bá ń wò ó bí owó ọjọ́ kan, á rí i pé òun ti di olówó. Àmọ́ ọdún kan gbáko ni owó yẹn máa fi bọ́ ilé. Kó kọ́kọ́ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ₦180,000, sẹ́yìn. Èyí tó kù jẹ́ ₦1,620,000. Tó bá pín in sí oṣù méjìlá, ₦135,000 ló bọ́ sí lóṣù. Iye yẹn gan-an ni owó tó ní. Kó máa san án fún ara rẹ̀ lóṣooṣù bí ẹni pé ìjọba gbà á síṣẹ́, kó sì gbàgbé pé èyí tó kù wà ní bánkì.

Ọdún tí kòkó bá wá wọ́n ńkọ́? Ká ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àgbẹ̀ kan náà rí ₦3,000,000. ₦1,200,000 ló fi lé ti èṣí. Ìmọ̀ràn wa ni pé kó yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ nínú ₦1,800,000 àkọ́kọ́, kó wá pín ₦1,200,000 tó lé yẹn sí méjì: ìdajì fún ìgbádùn àti àtúnṣe ilé, ìdajì fún ìfipamọ́. ₦600,000 tó yọ sọ́tọ̀ nínú èyí tó lé ni yóò gbé e dúró lọ́dún tí kòkó bá já. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún.

Ẹni tí kò bá ní ohunkóhun nípamọ́ ló sábà máa ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò kòkó ṣáájú ìkórè, tàbí kó fi oko dógò. Kó tó ká kòkó rẹ̀, ẹlòmíì ti dá iye rẹ̀ lé e lórí.

Ibo ni ká tọ́jú ẹ̀ sí?

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ́ o. Olè wà, iná wà, ọwọ́ àwa fúnra wa náà wà. Èyí tó tún burú ni pé owó tó dúró sójú kan ń dín kù láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ NBS sọ pé ọjà ti fi ìdá 34.80 nínú 100 wọ́n ju bó ṣe wà lọ́dún tó ṣáájú. Ohun tí ₦100,000 rà lọ́dún yẹn ti ń béèrè tó ₦135,000.

Àjọ ojoojúmọ́ dára fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di owó mú. Tí ìyá kan ní ọjà bá ń dá ₦500 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, alájọ máa yọ owó ọjọ́ kan, ₦500, á sì kó ₦14,500 fún un. Owó náà kò pọ̀ sí i, ó tiẹ̀ dín. Ohun tí ìyá yẹn ń sanwó fún ni agbára láti má ṣe ná an. Àmọ́ tí alájọ bá sá lọ, kò sí àjọ ìjọba kankan tó máa dá owó náà padà.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní tiẹ̀ máa ń yáni lówó pẹ̀lú èlé tí kò gun èèyàn lára, èrè ọdún sì wà. Kẹ́ ẹ tó wọ ẹgbẹ́, ẹ béèrè bóyá ìjọba ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bóyá wọ́n ń ṣe ìpàdé ọdọọdún, bóyá wọ́n sì ń ka ìṣirò owó fún ọmọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo mọ iye tó wà nínú àpò rẹ̀, ẹ sá fún un.

Bánkì wá ńkọ́? Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló dáyà já. Ṣùgbọ́n àjọ NDIC, tó ń dá ààbò bo owó inú bánkì, ti gbé ààbò náà sókè lóṣù tó ṣáájú: tó ₦5 mílíọ̀nù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bánkì ńlá kan, tó ₦2 mílíọ̀nù ní bánkì microfinance. Àwọn tí BVN wọn so mọ́ àkáǹtì wọn ni owó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún, ní àkáǹtì tí wọ́n ní ní bánkì míì. Ẹ rí i dájú pé BVN àti nọ́ńbà fóònù tí ẹ ń lò lọ́wọ́ wà lórí àkáǹtì yín. Owó yín bá sì ju ₦5 mílíọ̀nù lọ, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sí bánkì kan ṣoṣo.

Fún owó tí ẹ kò ní nílò fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, FGN Savings Bond wà. Owó tí a yá ìjọba àpapọ̀ ni. ₦5,000 lèèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀, ìjọba á máa san èlé lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, á sì dá ojú owó padà nígbà tí àsìkò bá pé. Èlé rẹ̀ kì í mú orí wú, ó sì lè má lé ọjà bá lọ́dún tí nǹkan bá wọ́n jù. Àmọ́ èèyàn ń sùn.

Ibi tí owó ti ń bọ́

Ẹ rántí MMM. Ará Rọ́ṣíà kan, Sergei Mavrodi, ló dá a sílẹ̀. Ó ti wó mọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà lórí lọ́dún 1994. Ó lé lógún ọdún lẹ́yìn náà, ní ìparí ọdún 2015, ó dé Nàìjíríà, ó ní òun máa fi ìdá 30 nínú 100 lé owó èèyàn lóṣooṣù. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2016, tí Kérésìmesì kù díẹ̀, wọ́n ti owó pa. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní oṣù Kìíní ọdún 2017, kò jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò rí owó wọn títí dòní.

A rò pé a ti kọ́gbọ́n. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX tún dé ojú ẹ̀. Tiwọn ni pé owó máa di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, pé ẹ̀rọ tó ní ọgbọ́n bí èèyàn ló ń bá wọn ṣòwò. Lójijì, owó kò ṣeé gbà mọ́. Inú ń bí àwọn èèyàn débi tí wọ́n fi kó ẹrù inú ọ́fíìsì wọn n'Ìbàdàn lọ. Àjọ SEC tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò sọ pé wọn ò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé àti bírò. Ẹ fi ₦100,000 sínú ohun tó ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù. Lẹ́yìn ọdún kan, ó máa di ₦409,600,000. Igi kòkó, tí a fún ní ilẹ̀ tó dáa, tí a ro, tí a tọ́jú, ó máa ń lo tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so dáadáa. Kí ni ẹni yẹn ń gbìn tó ń so lóṣù kan? Kò gbin nǹkan kan. Owó ẹni tó wọlé lónìí ló fi ń san ti ẹni tó wọlé lánàá. Lọ́jọ́ tí ẹni tuntun bá dín kù, ó parí nìyẹn.

Èmi tí mò ń kọ èyí náà ti jìn sí i rí, n kò ní purọ́ fún yín. Ètò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n ní àwọn ń fi owó wa dáko, ìdá 25 nínú 100 ni èrè lóṣù mẹ́fà. Mo fi ₦50,000 dán an wò, ₦62,500 padà wá. Orí mi wú. Mo kó ₦150,000 jọ, mo tún lọ bá ìyá mi. ₦100,000 tí màmá fẹ́ fi tún òrùlé ṣe ni mo gbà mọ́ ọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọn ò gbé fóònù mọ́. Òjò ọdún yẹn ń jò lé màmá lórí, mò ń san ₦10,000 padà lóṣooṣù fún oṣù mẹ́wàá. Wọn ò bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Nígbà tí mo jókòó wò ó, àṣìṣe mi ju ẹyọ kan lọ. Mo gba owó àkọ́kọ́ tó padà wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ìjẹ inú ìwọ̀ ni. Mi ò bi wọ́n pé oko náà wà níbo. Mo kó gbogbo ohun tí mo ní síbì kan. Èyí tó burú jù, mo fi owó tó ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lọ dá ọrọ̀ tí mi ò mọ̀.

Kì í ṣe gbájúẹ̀ nìkan ló ń múni ṣàṣìṣe o. Ẹni tó kó kòkó gbígbẹ pamọ́ sí yàrá ní ìparí ọdún 2024, tó ní òun ò ní tà á àfi tó bá tún wọ́n sí i, kò sẹ́ni tó lù ú ní jìbìtì. Ọjà ló yí padà. Bó bá ta ìdajì nígbà tó wọ́n, tó fi ìdajì dúró, ìbànújẹ́ rẹ̀ kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Àkọ́kọ́, ẹ má tún ju owó tó dáa tẹ̀ lé èyí tó ti lọ. Nígbà tí CBEX dẹnu kọlẹ̀, wọ́n ní kí àwọn èèyàn san 100 tàbí 200 dọ́là sí i kí wọ́n tó lè rí tiwọn gbà. Àwọn míì tún máa ń dé lórí WhatsApp pé àwọn máa bá yín gba owó náà padà tí ẹ bá san owó iṣẹ́. Ẹ̀yìn ìka kan náà ni.

Èkejì, ẹ fẹjọ́ sùn. Òfin ìdókòwò tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá láti dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: owó ìtanràn tí kò dín ní ₦20 mílíọ̀nù, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì. EFCC àti SEC ń gba ẹjọ́. Kẹ́ ẹ tó fowó síbì kankan pàápàá, ẹ wo orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì SEC. Tí ẹ ò bá lè lo íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n bá yín wò ó.

Ẹ̀kẹta, ẹ sọ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé. Ìtìjú ló ń jẹ́ kí gbájúẹ̀ máa rí ẹni tuntun mú. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, àmọ́ ó ní láti lanu sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lè gbọ́n.

Ìkẹrin ló le jù: ẹ má torí ẹ̀ pa ìfowópamọ́ tì. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Mo mọ ìyẹn dáadáa, torí ó tó ọdún kan tí mi ò fi fẹ́ rí bánkì sójú. Ọdún yẹn gan-an, gbogbo ohun tó wọlé ni mo ná, àdánù kejì nìyẹn. Nígbà tí mo padà, ìdá kan nínú ogún ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nísinsin yìí, mo ti dé ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, tí wọ́n bá kó owó kòkó lé yín lọ́wọ́ ní ìkórè tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú òṣùwọ̀n, ẹ ti pinnu iye tó ń lọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá sì wá sọ fún yín pé owó náà máa di méjì lóṣù kan, ẹ bi í léèrè ohun kan péré: "Kí lẹ gbìn?" Tí kò bá rí ìdáhùn, ẹ kí i, kẹ́ ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ.